Lẹ́tà kéré bí ẹsẹ̀ èèrà lójú láptọ́ọ̀pù tí mo rà: ṣé ojú ẹ̀rọ ló bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nyanya ni mo wà, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé tí a sì ń ṣe fọ́tòkópì. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ní Wuse, onínṣì 15.6. Ẹni tó tà á ní 4K ni ojú rẹ̀. Nígbà tí mo tan án, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ọmọ mi bá mi sọ resolution rẹ̀ di 1366 ní 768. Lẹ́tà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wá ń ṣe bàìbàì, orí sì máa ń fọ́ mi tó bá di ọ̀sán. Ṣé kí n dá a padà? Bí mo bá sì ń yí nǹkan padà báyìí, ṣé kò ní ba ìwé tí mò ń tẹ̀ fún àwọn oníbàárà jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọrọ̀ ajé, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́pọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo ti rí ẹni tó gbé irú ẹ̀rọ yìí tà nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, tó wá fi owó náà ra èyí tí ojú rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ fojú inú wo adé ìlẹ̀kẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ya ojú èèyàn sára adé bá tóbi, etí àwòrán náà á rí gbágungbàgun. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá wẹ́, á jọ̀lọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú kọ̀ǹpútà: ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wínníwínní ni wọ́n tò jọ, píkísẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Iye rẹ̀ ní fífẹ̀ àti ní gíga ni wọ́n ń pè ní resolution. Láptọ́ọ̀pù onínṣì 15.6 tó jẹ́ 1366 ní 768 ní bíi 100 nínú ínṣì kan. Tiyín tó jẹ́ 4K, ìyẹn 3840 ní 2160, ní bíi 282 nínú ínṣì kan náà. Bí Scale, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ bí nǹkan ṣe máa tóbi tó lójú ẹ̀rọ, bá wà ní 100%, Windows kò bìkítà bóyá ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́ tàbí ó tóbi, iye kan náà ló ń fi ya lẹ́tà. Ó jọ pé 100% yẹn ni ẹni tó tà á fi í sí, ni lẹ́tà fi di ẹsẹ̀ èèrà.

Scale ló yẹ kí ọmọ yín yí. Ó ń sọ fún Windows pé kó fi ìlẹ̀kẹ̀ púpọ̀ sí i ya lẹ́tà kan náà: ibi tó ti ń lo 10 ní gígùn, á lo 20 bí ẹ bá fi í sí 200%. Lẹ́tà á tóbi, etí rẹ̀ á sì jọ̀lọ̀.

Resolution kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé iye píkísẹ́lì tí wọ́n kàn mọ́ ojú ẹ̀rọ kò ṣeé dín. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 1366, ẹ̀rọ ní láti na píkísẹ́lì kan sórí nǹkan bíi 2.8. Ìlẹ̀kẹ̀ kò sì ṣeé gé sí wẹ́wẹ́, nítorí náà ṣe ló ń po àwọ̀ pọ̀ ní etí lẹ́tà. Bàìbàì tó ń fọ́ yín lórí nìyẹn.

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, ẹ mú "Display settings". Ẹ kọ́kọ́ dá resolution padà sí 3840 ní 2160, èyí tí wọ́n kọ "Recommended" sí lára. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi Scale sí 250%. Àyè iṣẹ́ tí ẹ máa rí á tó ti láptọ́ọ̀pù 1920 ní 1080 tó wà ní 125%, lẹ́tà á sì mọ́ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín, kí ẹ tún wọlé, torí pé àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà kan kì í gba àyípadà yìí àfi bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà nìkan ló ṣì kéré lójú yín, "Text size" wà lábẹ́ "Accessibility" nínú "Settings", ó lè gbé lẹ́tà dé 225% láìfọwọ́ kan àwòrán.

Àwọn ètò àtijọ́ nìkan ló lè yọ yín lẹ́nu. Èyí tí wọ́n ṣe kí irú ojú ẹ̀rọ yìí tó wọ́pọ̀ kò mọ Scale, nítorí náà Windows á yà á ní kékeré, á wá fà á fẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fa fọ́tò fẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àmì ètò náà, ẹ lọ sí "Properties", "Compatibility", lẹ́yìn náà "Change high DPI settings". Ẹ máàkì àpótí tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì yan System èyí tí wọ́n kọ Enhanced sí lára. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ètò. Bí kò bá tún nǹkan ṣe, ẹ yọ máàkì náà kúrò.

Ní ti ìwé àwọn oníbàárà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwọ̀n lẹ́tà lórí bébà kò bá ojú kọ̀ǹpútà lọ: póńtì 72 ló wà nínú ínṣì kan, lẹ́tà póńtì 12 sì jẹ́ ìdá mẹ́fà ínṣì lórí bébà, yálà Scale wà ní 100% tàbí 250%.