Kí ló dé tí àwọn ará Kerala fi ń ṣe ìfọ̀mọ́ ara nínú oṣù Karkidakam?

Ìbéèrè kan wá láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Àwọn nọ́ọ̀sì ará Kerala, ní Íńdíà, pọ̀ ní ilé ìwòsàn wa. Tó bá ti di àárín oṣù Keje, ọ̀kan nínú wọn kì í fẹnu kan ẹran àti ẹja mọ́. Ẹ̀kọ ìrẹsì kan tó ń ta sánsán bí àgúnmu ló máa ń gbé wá síbi iṣẹ́. Ó ní oṣù ìfọ̀mọ́ ara ni, pé Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, ló pa á láṣẹ. Ṣé irú àgbo jẹ̀dí tiwa ni? Ṣé èmi náà lè bá wọn ṣe é? Mo rí tíì Ayurveda kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní á fọ inú mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè yín ju ẹyọ kan lọ, mo sì fẹ́ràn bí ẹ ṣe béèrè kí ẹ tó ra tíì náà.

Oṣù tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ ni Karkidakam. Òun ló kẹ́yìn nínú oṣù méjìlá tí àwọn Malayali, ìyẹn àwọn ará Kerala, fi ń ka ọdún. Ó máa ń wọlé ní nǹkan bí ọjọ́ 16 tàbí 17 oṣù Keje, ó sì máa ń parí ní àárín oṣù Kẹjọ. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ní Kerala nígbà yẹn. Láyé àtijọ́, oṣù ebi ni: ìrẹsì inú àká ti ń tán lọ, tuntun kò tíì tó kórè, òkun ń ru gùdù, apẹja kò lè jáde. Títí di òní, ìjọba Kerala máa ń fi òfin de àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá fún ọjọ́ 52, láti oṣù Kẹfà títí di ìparí oṣù Keje, kí ẹja lè rí àyè bí sí i. Wọn kì í sábà gbéyàwó nínú Karkidakam, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣí ilé tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìdílé Híńdù á tan fìtílà, àgbàlagbà ilé á máa ka Ramayana, ìtàn mímọ́ wọn, èyí tí akéwì Ezhuthachan kọ ní èdè Malayalam, díẹ̀díẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí òṣùpá bá wọ̀ọ̀kùn pátápátá, èrò á rọ́ lọ sí etí odò Periyar ní Aluva àti sí etí òkun ní Varkala, láti fi ìṣù ìrẹsì bọ àwọn òkú ọ̀run wọn.

Inú gbogbo èyí ni ìfọ̀mọ́ ara wà. Oṣù tí iṣẹ́ oko dúró, tí kò sí àríyá, tí oúnjẹ kò pọ̀, ni wọ́n fi ń tún ara ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sì là á níbí pé ọ̀rọ̀ ẹran àti ẹja tí ọ̀rẹ́ yín kò jẹ, ti ẹ̀sìn ni, ti Ramayana ni. Ayurveda fúnra rẹ̀ kò sọ pé kí ènìyàn má jẹ ẹran lásìkò òjò. Vagbhata, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó kọ ìwé ìṣègùn náà sílẹ̀, dárúkọ omi ọbẹ̀ ẹran lára ohun tó dára lásìkò yẹn, pẹ̀lú ọkà tó ti pẹ́ nílé àti omi tí wọ́n ti sè. Ó ní kí ènìyàn má mu omi odò, kó má sùn lọ́sàn-án, kó má sì ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn. Ẹni tó bá ti rí bí odò ṣe ń kó ìdọ̀tí wálẹ̀ nígbà òjò á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Kí ló wá dé tó jẹ́ àsìkò òjò? Àwọn àgbà Ayurveda pín ọdún sí ìgbà mẹ́fà, oṣù méjì-méjì. Wọ́n ní agbára mẹ́ta ló ń darí ara. Vata ló ń mú nǹkan rìn nínú ara, ó tutù, ó sì gbẹ. Pitta ló gbóná, òun ló ń mú oúnjẹ dà. Kapha ló wúwo tó sì ń fà, òun ló ń di ara mú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà tó ń kóra jọ láìpariwo, ìgbà tó ń ru sókè, àti ìgbà tó ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kapha ń kóra jọ nígbà òtútù, tí oòrùn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú, á yọ́, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn á dé. Vata ń kóra jọ nígbà ooru, á wá ru nígbà òjò: oríkèé á máa ro ènìyàn, inú á máa kùn. Pitta ń kóra jọ lábẹ́ òjò, nígbà tí òjò bá dáwọ́ tí oòrùn sì yọ lójijì, á gbiná. Ìdí nìyí tí Vagbhata fi yan oṣù mẹ́ta nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti Íńdíà fún ìfọ̀mọ́: Chaitra fún kapha, Shravana fún vata, Karttika fún pitta. Shravana yẹn bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú Karkidakam. Àwọn oníṣègùn Kerala kò sì fi ìwé Vagbhata ṣeré rárá, òun ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ṣẹ́.

Ọ̀nà ìfọ̀mọ́ náà kò rí bákan náà fún agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún kapha, èébì ni. Fún pitta, ìyàgbẹ́ ni. Fún vata, wọ́n á da òróró tàbí omi egbòogi gba ojú ìdí wọlé. Wọ́n tún ń kán oògùn sí imú fún ohun tó bá wà lórí. Ilé ẹ̀kọ́ Sushruta, àgbà Ayurveda mìíràn, fi kún un pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú eṣúṣú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n ń pè ní panchakarma.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ nípa rẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ọjọ́ ìyàgbẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń lọ lọ́dọ̀ oníṣègùn tó mọṣẹ́. Wọn kì í fún ènìyàn ní oògùn ìyàgbẹ́ lọ́jọ́ tó dé. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n á kọ́kọ́ máa fún un ní ghee tí wọ́n fi egbòogi sè, bọ́tà màlúù tí wọ́n yọ́ títí tó fi mọ́ kedere. Díẹ̀ ni lọ́jọ́ kìíní, á pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje, títí tí awọ ara á fi máa dán tí ìgbẹ́ á sì rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi òróró gbígbóná pa á lára, tí wọ́n á sì mú kó làágùn. Àwọn Malayali mọ eléyìí ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní pizhichil, aláìsàn á sùn lórí pátákó igi gígùn tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, àwọn olùtọ́jú á dúró lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á máa ti aṣọ bọ òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa fún un sí i lára bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra á, láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀. Òróró tó ṣàn sílẹ̀ ni wọ́n á tún gbè, wọ́n á mú un gbóná padà.

Ìyàgbẹ́ fúnra rẹ̀, ọjọ́ kan péré ni.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gba sùúrù. Lójú wọn, iná tó ń da oúnjẹ nínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́yìn irú ìfọ̀mọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé Charaka, tí òun náà jẹ́ àgbà Ayurveda, sọ pé bí a ṣe ń fi koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù dáná kékeré títí á fi di ńlá ni kí á ṣe máa bọ́ iná inú náà. Nítorí náà, omi ìrẹsì ló máa kọ́kọ́ mu. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ ìrẹsì tó ki. Lẹ́yìn náà, omi ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé tí kò ní iyọ̀ àti epo, kó tó kan èyí tó ní in. Omi ẹran ló máa ń kẹ́yìn, fún ẹni tó bá ń jẹ ẹran. Èyí lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá yàgbẹ́ tán tó sì lọ bá iyán àti ẹran ìgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ lójú Ayurveda.

Àwọn tí wọ́n rí àyè àti owó ṣe gbogbo èyí kò pọ̀. Ilé ìtọ́jú bíi Arya Vaidya Sala ní Kottakkal, tí P. S. Varier dá sílẹ̀ ní ọdún 1902, ni àwọn kan ń lọ. Ohun tí gbogbo ilé ń ṣe ni ẹ̀kọ tí ẹ rí yẹn, Karkidaka kanji. Ìrẹsì njavara ni wọ́n máa ń fẹ́ fi sè é, irú kan tó ń pọ́n láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́. Wọ́n á fi irúgbìn uluva sí i, èyí tí Òyìnbó ń pè ní fenugreek, pẹ̀lú àwọn irúgbìn mìíràn, ewé tí wọ́n gún, àti wàrà àgbọn. Uluva yẹn ló ń ta sánsán.

Kódà wọn kì í yọ erin sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní Karkidakam ni wọ́n máa ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ erin jọ sí tẹ́ńpìlì Vadakkunnathan ní Thrissur láti bọ́ wọn. Àwọn erin tẹ́ńpìlì Guruvayur ní tiwọn máa ń gba ìsinmi fún nǹkan bí oṣù kan: wọn kì í gbé wọn lọ sóde ọdún, wọ́n á wẹ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n á sì máa fi òkèlè ńlá tí wọ́n po láti inú ìrẹsì, ẹ̀wà, ata ilẹ̀ pupa àti egbòogi sí wọn lẹ́nu. Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ó fi hàn pé ìsinmi wà lára oògùn náà gan-an.

Ní ti àgbo jẹ̀dí, ẹni tó ń mu ún tiwa, àìsàn ló ń lé. Ìdí ń ta á, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó rò pé ohun dídùn ti pọ̀ jù nínú òun. Ará Kerala kì í dúró de àìsàn, oṣù ló ń wò. Wọ́n jọra ní ti pé méjèèjì gbà pé ohun tí kò dà dáadáa nínú lè di wàhálà níbòmíràn lára. Ju ìyẹn lọ, n kò ní fẹ́ so wọ́n pọ̀.

Tíì ọjọ́ mẹ́ta yẹn wá ńkọ́? Ẹ má rà á. Ìyàgbẹ́ nìkan ni wọ́n gé mú nínú odindi iṣẹ́. Púpọ̀ nínú irú tíì bẹ́ẹ̀, ewé senna, tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́, ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì sì mọ ohun tí ìyàgbẹ́ léraléra ń ṣe sí iyọ̀ àti omi inú ara. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́, kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé tíì kankan ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 tún fi hàn pé nínú egbòogi Ayurveda 70 tí wọ́n rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Boston àti agbègbè rẹ̀, 14 ló ní òjé, mákúrì tàbí arsenic nínú, májèlé sì ni gbogbo wọn. Aláboyún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n má dán an wò láìbá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ìwé Ayurveda fúnra wọn ní kí a má fún aláìlera, ọmọdé àti arúgbó ní oògùn ìyàgbẹ́ líle.

Ẹ̀kọ ọ̀rẹ́ yín ní tirẹ̀, oúnjẹ ni. Tó bá tún gbé e wá, ẹ bá a mu ún nígbà tó bá ṣì gbóná. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ mọ̀ pé uluva lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ rọra bù ú.