Ṣé DLL lè ṣiṣẹ́ láti inú mẹ́mórì láìsí fáìlì lórí díìsìkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ kí ètò tí mo kọ fún Windows jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo. Mo ti kó DLL (fáìlì kóòdù tí ètò máa ń yá lò) tó ń lò sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n LoadLibrary, iṣẹ́ Windows tó ń gbé DLL wọlé, kò gbà á, àfi tí mo bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí díìsìkì. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà, àmọ́ n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ tọ̀ ọ́. Orúkọ fáìlì ni LoadLibrary ń béèrè. Tí kò bá sí fáìlì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí Windows ń bá yín ṣe: ẹ ó fi VirtualAlloc gba àyè nínú mẹ́mórì, ẹ ó to abala DLL kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, ẹ ó tún àwọn ádírẹ́sì tó ti yí padà ṣe, ẹ ó wá àwọn DLL mìíràn tó gbára lé, kí ẹ tó wá pe DllMain, ibi tí DLL ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tó le jù ṣì ń bọ̀. Windows kò mọ̀ pé DLL náà wà níbẹ̀ rárá, torí náà GetModuleHandle, tó ń wá DLL tó ti wọlé, kò ní rí i. Nínú ètò 64-bit, tí exception (àṣìṣe tó dá iṣẹ́ dúró lójijì) bá ṣẹlẹ̀ nínú DLL náà, tí ẹ kò sì tíì fi RtlAddFunctionTable forúkọ tábìlì tí Windows fi ń bójú tó irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ètò náà lè kú lójú ẹsẹ̀. Antivirus pàápàá á máa fura sí i, nítorí ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn tó ń kọ malware (ètò aṣebi) ń gbà sá pamọ́. Ẹ ro ti oníbàárà yín tó máa rí ìkìlọ̀ yẹn.

Lórí Linux, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Láti kernel (ọkàn Linux) 3.17 ni memfd_create ti wà: ó ń fún yín ní fáìlì tí kò dé orí díìsìkì, dlopen, tó ń ṣe iṣẹ́ LoadLibrary lórí Linux, á sì gbé e láti /proc/self/fd.

Tiyín ńkọ́? Tí kóòdù DLL náà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ètò yín nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, DLL kankan ò ní kù tí ẹ máa gbé kiri. Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ kọ ọ́ sínú fódà kan lábẹ́ LocalAppData (ibi tí Windows yà sọ́tọ̀ fún dátà àwọn ètò), kí nọ́ńbà version ètò yín wà lára orúkọ fódà náà. Ẹ yẹ hash rẹ̀ (àmì tó ń fi hàn bí fáìlì bá ti yí padà) wò nígbàkúùgbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fún LoadLibrary ní ọ̀nà (path) fáìlì náà lórí díìsìkì lódindi, kó má baà lọ gbé DLL mìíràn tó jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ má sì gbìyànjú láti pa á rẹ́ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Windows kò ní gbà.