Ẹ Bi Lọ́yà: Mo ń sọ fún wọn pé "first copy" ni, kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì Lọ́yà. Báàgì ni mò ń tà n'Íbàdàn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń polówó. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ láti Guangzhou ní China, àmì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Paris ló sì wà lára wọn. Mi ò tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé "first copy" ni, ìyẹn ẹ̀dà tó jọ ojúlówó gan-an. Lóṣù tó kọjá wọ́n yọ àwọn fọ́tò mi, wọ́n ní ẹni tó ni àmì ló fẹjọ́ sùn. Kí ni mo ṣe? Oníbàárà mi kan tún fẹ́ gbé tiẹ̀ lọ sí Paris ní Disẹ́ńbà. Ṣé kò séwu? — Oníbáàgì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: O ṣeun tí o kò parọ́ fún èmi náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì mi, "ojúlówó ni, Mọ́mì" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, títí n ó fi béèrè rìsíìtì.

Oníbàárà rẹ mọ ohun tó ń rà, kò lẹ́jọ́ kankan bá ọ ṣe. Ẹni tó ni àmì ni kò fún ọ láṣẹ, òun ló sì fẹjọ́ sùn. Trade Marks Act ti 1965, òfin àmì ọjà wa, gbà á láyè láti pè ọ́ lẹ́jọ́, kó gba owó gbà-máà-bínú. Merchandise Marks Act, òfin tó de ayédèrú àmì lára ọjà, tún le ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá ta ọjà tó ní ayédèrú àmì, tàbí tó kó o pamọ́ fún títà, ọ̀daràn ni, ilé-ẹjọ́ gíga sì lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àwíjàre kan wà fún ẹni tó ṣèwádìí dáadáa, tí kò rí ohun tó lè mú un fura, tó sì sọ ibi tó ti rà á. Ìwọ ti fọwọ́ ara rẹ kọ "first copy" sábẹ́ fọ́tò. Ta ni kò wá fura?

Mo mọ̀ pé wàá ní ṣebí Dùgbẹ̀ kún fún un. Ó kún. Oògùn ayédèrú ló ń jẹ ìjọba lógún ju báàgì lọ, mi ò sì bá wọn jà sí i, báàgì kì í pa èèyàn. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ọlọ́pàá bá kanlẹ̀kùn. Fọ́tò tí wọ́n yọ yẹn, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni àmì.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lọ́gbọ́n lẹ́tà o. Arákùnrin kan da náílọ́ọ̀nù kan sórí tábìlì mi rí: lẹ́tà irin aláwọ̀ wúrà, tín-ín-rín, àti gọ́ọ̀mù. Báàgì á wọlé láìlórúkọ, òun á wá lẹ lẹ́tà mọ́ ọn nílé. Ó rò pé òun ti gbọ́n. Mo ní, "Bùrọ̀dá, títà lẹ̀ ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹ ti wá di ẹni tó ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1888, Louis Vuitton tó ń ṣe àpótí ìrìn-àjò ní Paris gbé bátànì onígun-mẹ́rin jáde, àwọn aláfarawé ò jẹ́ kó sinmi. Ó kú ní 1892. Ní 1896, Georges ọmọ rẹ̀ ya LV àti òdòdó tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, kó lè lé wọn dànù. Bátànì yẹn gan-an ni wọ́n tún wá ń farawé!

Ti Paris: kí oníbàárà rẹ fi báàgì sílé. Kọ́sítọ́ọ̀mù Faransé lè gbà á, owó ìtanràn sì lè tó ìlọ́po méjì iye ojúlówó. Iye ojúlówó ni mo wí, kì í ṣe iye tó san fún ọ. Tó bá sì ya Ítálì kó lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á létí òkun, wọ́n lè bu owó ìtanràn tó tó 7,000 yúrò lé òun tó rà á.

Ìwọ, má gbé fọ́tò yẹn padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kù nílẹ̀, má tà á ní ẹ̀dínwó, títà náà ni. Tí lẹ́tà lọ́yà ẹni tó ni àmì bá dé, má fèsì lórí WhatsApp, má sì fọwọ́ sí ìwé kankan kí lọ́yà tìrẹ tó kà á.

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, aládìrẹ ni mí n'Ítòkú. Bátànì tí mo fọwọ́ ara mi yà ni mo rí lára aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti China. — Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ṣé ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde? Bátànì tuntun tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábùjá máa ń ní ọdún 5, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó di 15. Tó bá jẹ́ bátànì àdìrẹ àtijọ́ bí Ìbàdàndùn tàbí Olókun ni, ti gbogbo wa ni, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á mọ́ra. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń tà á láìforúkọ sílẹ̀, ká yẹ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 wò bóyá a máa rí nǹkan dìmú. Ẹ kó ìwé tí ẹ kọ́kọ́ yà á sí wá, àti aṣọ àkọ́kọ́ tí ẹ rẹ. Fọ́tò orí fóònù tó bá ní déètì náà wúlò.