Eyín Iwájú Tó Gùn Jù: Ṣé Ègún Hádíìsì Bá Ẹni Tó Bá Rẹ́ Ẹ Kù?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Áàfáà wa. Ọmọbìnrin ọdún 24 ni mí. Eyín iwájú mi méjì tòkè gùn débi pé ètè mi kì í pàdé àfi bí mo bá fipá pa á dé, wọ́n sì ń gún ètè ìsàlẹ̀ mi. Dókítà eyín ní òun lè rẹ́ wọn kù. Mo sọ ọ́ ní àsàláátù wa, ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tó bá fọwọ́ kan eyín ti gba ègún. Òmíràn ní kí n ṣe èyí tó bá wù mí, Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹwà. Áàfáà tí màmá mi mú mi lọ bá ní kí n máa mu hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ Àlùkùránì tí wọ́n kọ sára wàláà, eyín náà á sún wọlé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumus-salām wa rahmatullāh. Ọmọ mi, padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ, kó bá ọ rẹ́ eyín náà kù títí ètè rẹ á fi pàdé. Ègún kankan kò bá ọ. Ìdáhùn rẹ ti parí síbẹ̀. Èyí tó kù, àwọn tó dẹ́rù bà ọ́ àti àwọn tó tàn ọ́ ni mò ń bá sọ ọ́.

Hádíìsì tí ọ̀rẹ́ rẹ gbé jáde, òótọ́ ni. Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Mas'ud, sàábé Ànábì, pé Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé àwọn obìnrin tó ń fín ara àti àwọn tó ń ní kí wọ́n fín àwọn, àwọn tó ń fa irun ojú tu, àti àwọn tó ń la àlàfo sí eyín nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Obìnrin kan láti ìran Banu Asad, Umm Ya'qub, gbọ́, ó wá bá a pé òun ti ka Àlùkùránì láti páálí dé páálí, òun ò rí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Abdullahi ní ká ní ó kà á lóòótọ́ ni, ì bá ti rí i, ó sì ka aaya 7 nínú Suratul-Hashr fún un: ohun tí Òjíṣẹ́ bá fún yín, ẹ gbà á, ohun tó bá kọ̀ fún yín, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Obìnrin náà ní ó dà bí ẹni pé ìyàwó Abdullahi gan-an ń ṣe é. Abdullahi ní kó wọlé lọ wò. Ó wọlé, kò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú le tó báyìí, a ò lè fọwọ́ rọ́ ọ tì.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ̀ ń kà á tí ẹ̀ ń fo ọ̀rọ̀ kan? "Lil-husn" wà níbẹ̀: "nítorí ẹwà". Imam an-Nawawi, nínú àlàyé rẹ̀ lórí Sahih Muslim, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dì mú. Ó ní èyí tí wọ́n ṣe láti fi wá ẹwà ni hàráàmù. Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ló fà á, tàbí àbùkù lára eyín, kò sí aburú. Ó tún sọ irú ẹni tó ń ṣe é: obìnrin tó ti dàgbà, tó ń fi fáìlì rẹ́ àárín eyín rẹ̀ kí wọ́n lè rò pé ọmọge ni. Nínú Musnad Imam Ahmad, láti ọ̀dọ̀ Abdullahi yìí náà, kíkọ̀ fún pípọ́n eyín wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé "àfi nítorí àìsàn".

Àwa Yorùbá mọ ohun tí hádíìsì náà ń bá wí. Èjí ni. Ẹni tí Ọlọ́hun dá èjí mọ́, kó máa dúpẹ́. Ẹni tí eyín rẹ̀ pé pérépéré, tó lọ ní kí wọ́n la èjí sí i, òun ló yẹ kí ọ̀rẹ́ rẹ máa ka hádíìsì fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa tí eyín wọn ò ní àléébù, tí wọ́n ń wọ bàálù láti London lọ sí Turkey, kí wọ́n lè fá gbogbo eyín iwájú wọn kù kí wọ́n sì fi funfun báláú bò ó. Èèpo líle tó wà lára eyín, bí wọ́n bá ti fá a kúrò, kì í hù mọ́. Eyín tó yè kooro! Ó ń dùn mí.

Èyí tó ní Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹwà, nínú Sahih Muslim ni hádíìsì tiẹ̀ náà wà. Ṣé ó mọ ẹni tó gbà á wá? Abdullahi ọmọ Mas'ud yìí kan náà ni. Ẹnu kan ló sọ méjèèjì fún wa, wọn ò sì takora lójú rẹ̀. Ọkùnrin kan ló sọ fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ènìyàn máa ń fẹ́ kí aṣọ òun dára, kí bàtà òun dára. Lórí aṣọ àti bàtà ni ìdáhùn yẹn ti wá. Aṣọ ṣeé bọ́, bàtà ṣeé pààrọ̀. Ta ló ní kí wọ́n gbé e lọ sórí eyín?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà ní ilé-kéwú wa tí eyín rẹ̀ rí bíi tìrẹ. Bó bá ti kàn án láti kà, á fa etí hìjáàbù bo ẹnu, èmi á ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ tí mo wo ẹnu rẹ̀ dáadáa ni mo rí i: bó bá fẹ́ pe mīm, lẹ́tà "m" ti Lárúbáwá, tó yẹ kí ètè méjèèjì lẹ̀ pọ̀, eyín á ti wà láàárín wọn, ètè òkè á máa gbọ̀n bó ṣe ń fà á wálẹ̀. Àpá pupa kékeré kan wà ní ètè ìsàlẹ̀ níbi tí eyín ń gún. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo ti fi ń bá a wí lórí mīm yẹn kí n tó wò ó. Kí Ọlọ́hun forí jì mí. Etí eyín méjì yìí náà ni fā ti ń jáde pẹ̀lú ètè ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni orí ahọ́n ń kàn fún thā, dhāl àti ẓā. Ìrun ẹni tí kò lè pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ dára, Ọlọ́hun kì í di ẹrù tó ju agbára lọ léni lórí. Àmọ́ ẹni tó bá ní ẹwà lásán ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá, kó bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Kódà bí kò bá dùn ọ́ rárá, tó jẹ́ pé ojú tí ayé fi ń wò ọ́ ló ń bà ọ́ nínú jẹ́, ibi tí mo dúró sí nìyí. Wọ́n gé imú 'Arfajah ọmọ As'ad lójú ogun Kulab, kí Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn. Ànábì ní kó fi wúrà ṣe é. Abu Dawud àti Tirmidhi gbà á wá. Imú wúrà kì í gbóòórùn, àbùkù ló wà fún láti bò. Ibẹ̀ ni Sheikh Ibn Uthaymin àti àwọn àgbà tí à ń tẹ̀lé ti mú un pé mímú àbùkù kúrò yàtọ̀ sí wíwá ẹwà kún ẹwà.

Ẹ sì kíyè sí i: Ànábì kò ní kí 'Arfajah fọ wàláà mu. Hàǹtú tí yóò sún eyín wọlé, àdádáálẹ̀ ni, owó màmá rẹ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn tó sì ń fi hádíìsì 'Arfajah gbè fún eyín wúrà tí wọ́n ń dè bọ̀ láti Mẹ́kà kí aráyé lè mọ̀ pé Alhaji ni wọ́n, èwo ni imú wọn tó gé? Ọkùnrin ni, wúrà ni, kò sí àìsàn. Hàráàmù ni.

Ìwọ, ọmọ mi, sọ fún dókítà pé kó mú un dọ́gba pẹ̀lú àwọn tó kù, kó dúró níbẹ̀. Kó ya X-ray ná, nítorí iṣan wà nínú eyín, bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jù wọ́n á kàn án. Bó bá jẹ́ pé yíyọ síta ló pọ̀ ju gígùn lọ, wáyà tí wọ́n ń dè mọ́ eyín ló lè ṣe é, ìyẹn náà tọ́. Bó bá ní kó tún kó funfun bo gbogbo eyín rẹ, kọ̀ fún un.

Bí obìnrin bá wà nínú àwọn dókítà ibẹ̀, òun ni kó ṣe é. Bó bá bọ́ sínú Ramadan, fi sí ẹ̀yìn ìṣínu. Rírẹ́ eyín kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, omi tí ẹ̀rọ ń fọ́n ni kó o má baà gbé mì. Ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ eyín tí kò ṣeé yọ kò ba aluwàlá tàbí ìwẹ̀ jánábà rẹ jẹ́. Kó o sì mú màmá rẹ dání lọ.