Èsì: Ẹlẹ́dẹ̀ wo ni ká gba ayẹ̀wò lára rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará wa ní Gwagwalada tó béèrè nípa ayẹ̀wò flu ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀fìnkìn líle tí kòkòrò àìfojúrí ń fà. Èyí tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni kí ẹ yàn, láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Èyí tó ti ń húkọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, kòkòrò náà lè ti kúrò ní imú rẹ̀. Kí dókítà ẹran lo ọ̀pá ayẹ̀wò tín-ín-rín oníke, kó má lo onígi, kó fi nu ihò imú méjèèjì. Inú yìnyín ni kí ẹ fi ọ̀pá ayẹ̀wò náà sí, kí ẹ gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, láàárín ọjọ́ 2. Ẹ má gbé e sínú fírísà ilé rárá, ó ń ba kòkòrò tí a fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí òṣìṣẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe má wọ ọgbà: H1N1, irú kòkòrò flu kan, ti ọdún 2009 ràn láti ara èèyàn sára ẹlẹ́dẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.