Akólòlò á pe baba: ta là ń pa á fún?

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba", tó tún ní ṣé òun lè pa á fún àbúrò òun tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ohun téèyàn ò bá yé lépa, bó ti wù kó fà tó, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó yẹ ká pa á ló ń rú àwọn èèyàn lójú.

Ẹ wo akólòlò yẹn dáadáa. Kò dákẹ́ o. "Ba... ba..." ló ń wí látàárọ̀, ètè ń gbọ̀n, ọrùn ń le, àwọn ọmọdé ń fi ṣẹ̀rín. Ẹni tó ti panu mọ́ kọ́ lòwe ń bá wí.

Oko kòkó ni mo dá nítòsí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí. A gbin irúgbìn sínú náílọ́ọ̀nù, nígbà tó hù dáadáa, a kó o lọ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kóòrùn má bàa pa á. Kòkó kì í ṣe àgbàdo. Ó lè gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ó ku díẹ̀ kí tèmi so ni iná àwọn tó ń sungbó torí ẹran ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ràn dé ọ̀dọ̀ mi. Eérú ló kù, àti kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rú èéfín. Ojú ibẹ̀ gan-an lẹnìkan ti pa òwe yìí fún mi. Àfi bíi pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹni tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó lóko, "ẹ kú ewu iná, Ọlọ́run á fi ra ẹ̀mí" là ń kí i.

Nígbà tójò tún dé, mo jókòó, mò ń bu ilẹ̀dú sínú náílọ́ọ̀nù tuntun. Ìyá àgbà kan tó ń toko iṣu bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, bó pẹ́ bó yá o." Kò tiẹ̀ parí ẹ̀. Ara mi yá gágá. Òwe kan náà ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà ti ń wí "ba... ba...".

Kòkó ọ̀hún so, kò kàn pọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, a rí nǹkan díẹ̀ mú bọ̀ sápò, kówó tó tún já wálẹ̀.

Àbúrò yín yẹn, tó bá ti tún ṣíwèé, ẹ pa á fún un. Tó bá ṣì ń sunkún, ẹ gúnyán fún un ná. Tó bá jẹ́ àgbà lẹ fẹ́ pa á fún, ẹ fi "tótó ṣe bí òwe" ṣáájú, wọ́n á ní "wà á rí òmíràn pa". Níwájú ẹni tó ń kólòlò ní tòótọ́, ẹ wá òwe mìíràn. Ẹni tó bá sì jẹ yín lówó, tó wá ń pa á fún yín nígbà tẹ́ ẹ lọ sin gbèsè, ẹ sọ fún un pé ẹnu yín já gaara, owó yín lẹ wá gbà.