Ìyá kékeré wà láàárín kábíńẹ́ẹ̀tì àti géètì

Sí Dáwódù tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù,

Iṣẹ́ tó o tò sínú lẹ́tà rẹ nìyí, bó o ṣe kọ ọ́ gan-an: POP sí pálọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀, tàílì yíká, kábíńẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, yàrá ìsàlẹ̀ méjì (ìyá kékeré àti ọmọ rẹ̀ á ti kó jáde, a ó wá nǹkan kékeré fún wọn), géètì tuntun, ọ̀dà. O ní mílíọ̀nù méjìlá náírà lo yà sọ́tọ̀. O wá ń bi mí pé èwo ni kó o kọ́kọ́ ṣe kí owó ilé bàbá yín tó wà ní Mọ̀lété, n'Ìbàdàn, lè gbé pẹ́ẹ́lí sókè kó o tó tà á, àti pé ṣé kó o fowó rán àbúrò rẹ ni àbí kó o wá fúnra rẹ.

Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ POP tó o fẹ́ fi ṣe àjà. Èèyàn méjì ló wà nínú àkámọ́ yẹn. Obìnrin tí bàbá rẹ ṣe ìdána fún, tí ìwọ fúnra rẹ sọ nísàlẹ̀ lẹ́tà pé òun ló tọ́jú bàbá lọ́dún méjì tí àìsàn fi dá wọn dùbúlẹ̀. Àti ọmọ tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. O kọ wọ́n sáàárín iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ ajórin. Ojú rẹ ò tilẹ̀ dúró níbẹ̀, géètì ló sáré bọ́ sí. O dárúkọ káfíńtà tó o fẹ́ gbéṣẹ́ fún. O dárúkọ àgẹ́ńtì. Ọmọ bàbá rẹ ò lórúkọ nínú ojú ìwé mẹ́ta.

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá, wọ́n ń ti Houston wá, ìbéèrè wọn kì í sì í ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti tàílì lọ. Ẹ ó kà á títí, ẹ ó wá rí i pé ẹnì kan ń gbé inú ilé ọ̀hún tí wọn ò tíì bá sọ̀rọ̀.

Ó dáa, jẹ́ ká wo ohun tó o sọ. O ní bàbá kú ní 2019, wọn ò kọ ìwé ìhágún. O ní ìdána ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ìyá rẹ àti ìyá kékeré, kò sí ti kóòtù. O ní ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ. O wá ní: “Àwa mẹ́ta tí ìyá wa bí ti fẹnu kò, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, kò sì lè da ohun tí èèyàn mẹ́ta bá sọ rú.”

Ta ló sọ fún ọ pé ìbò la fẹ́ dì?

Ilé tí bàbá bá kọ́, tó kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé ẹbí ló dà lábẹ́ àṣà Yorùbá, gbogbo ọmọ ló jọ ni ín. Tó bá wá di pé ká pín in, ìdí-igi la kọ́kọ́ ń wò: iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá la fi ń pín in, kì í ṣe iye orí ọmọ. Ìdí méjì ni bàbá rẹ ní. Ẹ̀yin mẹ́ta, ìdajì ni tiyín, ẹ ó tún un pín láàárín ara yín. Ọmọkùnrin tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀, tó o ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Pólì, òun nìkan ló ni ìdajì kejì. Tún ibẹ̀ yẹn kà.

Mi ò fi orí ara mi ro ó. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó sì rìn títí ó fi dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù tó o wà yẹn, ní 1962. Suberu Dawodu kú l'Ékòó láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n pín dúkìá náà ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba dọ́gba-dọ́gba. Ilé ẹjọ́ ní ìdí-igi ni àṣà, ọ̀nà mẹ́rin ni yóò já sí. Lóòótọ́, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí pínpín. Kó tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti ọmọ yẹn. Ìyẹn náà kì í ṣe “nǹkan kékeré”.

O pe ara rẹ ní Dáwódù. Mo rò pé o mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo kà á tán. Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tó di olórí ẹbí lẹ́yìn bàbá, kọ́ ló ni ilé. Òun ló ń bá gbogbo ọmọ tọ́jú rẹ̀. Tí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, ẹni tí wọn ò bi léèrè lè gba kóòtù lọ kí wọ́n tú títà náà ká. Tó bá wá tà á bíi pé tòun nìkan ni, kò tà á rárá lójú òfin, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ilé tó wà nínú àpótí rẹ ò yí ìyẹn padà. Mílíọ̀nù méjìlá tó o fẹ́ ná ò sì yí i padà: ọmọ ẹbí tó bá tún ilé ẹbí ṣe, ilé ẹbí náà ni yóò máa jẹ́. O fẹ́ fi owó rẹ ṣe tàílì sí ìdajì ilé ọmọ tó o fẹ́ lé jáde!

O sì ti rí bó ṣe máa ń parí, má díbọ́n. O ti gba Mọ̀lété kọjá lọ sí Òkè-Àdó rí. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun, ẹnì kan á wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbàǹgbà kọ ọ̀dà pupa sí i lóru: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Lẹ́tà tó kẹ́yìn á fún mọ́ etí fèrèsé torí ààyè ti tán, ọ̀dà á máa ro sílẹ̀ lórí pèpéle, wọn á tún kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sísàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ti dé kóòtù. Ṣé ọwọ́ òsì lo fẹ́ máa fi júwe ilé bàbá rẹ ni? Orí ọ̀dà tó o bá rà náà ni wọ́n máa kọ ọ́ lé.

Kó tó tiẹ̀ débẹ̀, lọ́yà ẹni tó fẹ́ ra ilé á ti béèrè: ta ló kú, ọmọ mélòó ló fi sílẹ̀, ta ló fọwọ́ sí i, ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ gíga ń fún àwọn tó ń bójú tó ogún òkú dà? Á lọ wo fáìlì ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ìjọba ní Àgódì. Tí ilé náà bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì; òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ló wí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní POP nínú gbogbo ìyẹn.

Ní ti ìyá kékeré fúnra rẹ̀, àṣà wa ò ṣe dáadáa sí opó, opó kì í jogún ilé ọkọ. Mo ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn títí ó ti sú àwọn tó ń kà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wà fún un láti máa gbé ilé ọkọ rẹ̀. Nǹkan kékeré wo lo fẹ́ wá fún un? O fẹ́ gba yàrá kan fún un, kó o san owó ọdún kan, kí lánlọ́ọ̀dù wá máa kanlẹ̀kùn lọ́dún kejì? Obìnrin yìí ló ń pààrọ̀ aṣọ tí bàbá rẹ bá tọ̀ sí, òun ló ń gbé fóònù síwájú wọn kí ìwọ lè rí wọn lórí WhatsApp. Mi ò bá ọ wí pé o ò wá. Iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú máa ń dá èèyàn dúró. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ìwọ ò sí lo gbàgbé, ohun tí mo torí ẹ̀ ń bínú nìyẹn.

Ó yá, POP. O ní 1976 ni wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, pánù rẹ̀ ń jò lápá ẹ̀yìn, ògiri ìsàlẹ̀ sì ń bó. POP tó bá wà lábẹ́ pánù tó ń jò á pọ́n, á sì já lulẹ̀. Tàílì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń fa omi láti ilẹ̀, bó pẹ́ bó yá á ṣí. Ẹni tó bá sì ń wá ilé etí títì ní Mọ̀lété, ilẹ̀ ló sábà máa ń rà, kó lè wó iwájú rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kábíńẹ́ẹ̀tì rẹ á bá ọkọ̀ akópàǹtí lọ. Dí ibi tó ń jò, wo sọ́kàwé, kùn ún ní ọ̀dà, ó tó. Ìyẹn náà, ó di ẹ̀yìn tí ìdí méjèèjì bá fọwọ́ síwèé pé wọ́n á kọ́kọ́ yọ iye tó o ná kúrò nínú owó ilé kí ẹ tó pín in. Ọ̀rọ̀ bóyá àbúrò rẹ ṣeé fowó rán, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi kọ́.

Pe ìyá kékeré. Ìwọ ni kó o pè é, má rán àbúrò rẹ. Má fi owó bẹ̀rẹ̀. Bi í léèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe ní Pólì, ta ló ń sanwó iléèwé rẹ̀, kó o sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o sọ fún un pé ẹ fẹ́ jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ ilé, kí ọmọ náà wà níbẹ̀, kí àgbà kan nínú ẹbí bàbá rẹ wà níbẹ̀, kí ó sì mú ẹni tó bá fọkàn tán wá. Tí wọ́n bá gbà láti tà, ẹ jọ wá lọ́yà kan. Tí wọn ò bá gbà, ẹ lè pín in, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ tiwọn, kí òkè jẹ́ tiyín. Tàbí kí ẹ díye lé e, kí ìdí kan ra ti èkejì. Kóòtù náà lè pín in tàbí kó pàṣẹ pé kí wọ́n tà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe ń pẹ́ nílùú yìí kì í sáré débẹ̀.

Bó bá sì ní òun ò tà, má ṣe rán àgẹ́ńtì sí i. Kọ̀wé sí mi.